Èlé Tó Ń Bímọ: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ṣírò Rẹ̀, àti Ìdí Tó Fi Kan Olúkúlùkù Wa

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àpò wa ni. Nígbà tó jẹ́ pé ìwé lẹ́jà nìkan la ń lò, bí akápò bá ń ṣírò èlé fún ọmọ ẹgbẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ náà lè jókòó tì í, kí ó máa wo ọwọ́ rẹ̀ bó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ti kó ìwé wọn sínú kọ̀ǹpútà. A tẹ bọ́tìnnì, iye owó jáde. Bí ẹnì kan bá béèrè pé báwo ló ṣe jẹ́, èsì tó máa ń gbà ni pé, "Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀." Ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà kì í dá sọ̀rọ̀. Ènìyàn ló kọ ohun tí yóò máa ṣe sínú rẹ̀. Bí ẹni náà bá kọ ọ́ ní ìkọkúkọ, ìkọkúkọ yẹn ni ẹ̀rọ yóò máa tẹ̀ lé lóṣooṣù, kò sì ní rẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí gbogbo wa mọ ohun tó ń lọ nínú ìṣírò náà.

ORÍṢI ÈLÉ MÉJÌ

Èlé tí kì í bímọ wà, èlé tó ń bímọ sì wà. Ká ní aláṣọ kan yá ₦100,000, wọ́n sì ní kó máa san èlé ₦10 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan lóṣù. Èlé oṣù kan jẹ́ ₦10,000. Bó bá jẹ́ èlé tí kì í bímọ, orí owó tó kọ́kọ́ yá nìkan ni wọn yóò máa ka èlé sí. Bí ó bá lo owó náà fún ọdún kan láìsan nǹkan kan, èlé rẹ̀ á jẹ́ ₦10,000 lọ́nà 12, ìyẹn ₦120,000. Àpapọ̀ gbèsè rẹ̀ á jẹ́ ₦220,000. Ó pọ̀, àbí? Ẹ dúró ná.

Bó bá jẹ́ èlé tó ń bímọ, èlé oṣù kìíní tí kò san yóò wọnú gbèsè, òun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú èlé wá. Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ:

Ní òpin oṣù 1: ₦110,000
Ní òpin oṣù 2: ₦121,000
Ní òpin oṣù 3: ₦133,100
Ní òpin oṣù 6: ₦177,156
Ní òpin oṣù 12: ₦313,843

Owó kan náà, èlé kan náà, ọdún kan náà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ ₦93,843. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí aláṣọ náà yá níbẹ̀rẹ̀. Kí ló fà á? Nínú ti àkọ́kọ́, a ń ro ₦10,000 mọ́ ọn lóṣooṣù. Nínú ti èkejì, kì í ṣe ìròpọ̀ mọ́, ìlọ́po ni: lóṣooṣù, iye tó wà nílẹ̀ ń di ìlọ́po 1.10 ara rẹ̀. Ohun tó bá ń dàgbà nípa ìlọ́po, ẹsẹ̀ kúkúrú ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Ìgbà tó bá yá, eré ló máa ń sá.

OHUN TÍ ÀWỌN BÀBÁ WA MỌ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, Yorùbá ti ní orúkọ fún ayánilówó tí èlé rẹ̀ le koko: ṣogúndogójì. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa, ẹni tó ń sọ ogún di ogójì ni. Bí ẹni tó yáwó kò bá rí ogójì náà san, ogójì á di 80, 80 á di 160, 160 á di 320. Bí irú ìlọ́po bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nígbà mẹ́wàá péré, ogún ọjọ́ kìíní ti di 20,480. Ẹni tó bá rò pé ogún lòun jẹ kò mọ̀ pé ilé àti oko lòun fi dúró.

Ọ̀nà ìrọ̀rùn kan wà tí ẹ lè fi mọ ìgbà tí owó yóò di ìlọ́po méjì láìlo ẹ̀rọ kankan. Ẹ mú 72, kí ẹ fi iye èlé orí ₦100 pín in. Bí èlé bá jẹ́ ₦3 lóṣù, 72 pín sí 3 jẹ́ 24. Nǹkan bí oṣù 24 ni gbèsè yóò fi di ìlọ́po méjì. Bó bá jẹ́ ₦10 lóṣù, ó jẹ́ oṣù méje àti díẹ̀. Ẹ tún fi wo ọ̀rọ̀ ọjà: bí iye owó nǹkan bá ń fi ₦24 gùn lórí ₦100 lọ́dọọdún, láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ohun tí a ń rà ní ₦5,000 yóò ti di ₦10,000. Nítorí náà, owó tí a fi sábẹ́ ìrọ̀rí fún ọdún mẹ́ta náà, ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ. Ìṣirò yìí kì í ṣe gẹ́lẹ́, ìfojúbù ni, ṣùgbọ́n kì í jìnnà sí òótọ́ bí èlé kò bá pọ̀ jù.

IYE KAN TÓ Ń JẸ́ e

Lọ́dún 1683, Jacob Bernoulli, ọ̀mọ̀wé ìṣírò kan ní ìlú Basel ní Switzerland, béèrè ìbéèrè kan tí oníṣòwò èyíkéyìí lè béèrè. Ká ní ẹnì kan fi ₦100 síbi tí wọ́n ti ń san èlé ₦100 lórí ₦100 lọ́dún. (Àpẹẹrẹ la ṣe o, ẹ má wá ibẹ̀ lọ.) Bí wọ́n bá san èlé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní òpin ọdún, owó náà á di ₦200. Bí wọ́n bá pín èlé náà sí méjì, tí wọ́n san ìdajì ní oṣù kẹfà, tí ìyẹn náà sì mú èlé wá títí di òpin ọdún ńkọ́? Á di ₦225. Bí wọ́n bá wá ń ṣe é lóṣooṣù, tàbí lójoojúmọ́ ńkọ́?

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún: ₦200
Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: ₦225
Lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún: ₦244.14
Lóṣooṣù: ₦261.30
Lójoojúmọ́: ₦271.46

Ẹnì kan lè rò pé, bí a bá ń ka èlé ní wákàtí wákàtí, ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, owó náà á máa lọ títí kò ní dúró. Rárá o. Ògiri kan wà níwájú rẹ̀. Bí ó ti wù kí a gé ọdún náà wẹ́wẹ́ tó, owó náà kò ní kọjá ₦271.83. Bernoulli rí i pé ògiri náà wà láàárín 2 àti 3. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Leonhard Euler, tí òun náà jẹ́ ọmọ Basel, fún iye náà ní lẹ́tà e, ó sì ṣírò rẹ̀ jìnnà: 2.71828 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ èlé ló bí iye tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò kárí ayé? Òun ni wọ́n fi ń ṣírò bí kòkòrò àrùn ṣe ń pọ̀ sí i, bí omi gbígbóná ṣe ń tutù, àti bí oògùn ṣe ń dínkù nínú ara.

Nítorí pé ó wúlò tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó ṣe èdè kọ̀ǹpútà fi àṣẹ kan sínú rẹ̀ láti ṣírò ìlọ́po e. Nígbà tí ilé iṣẹ́ IBM gbé èdè FORTRAN jáde lọ́dún 1957, àṣẹ náà ti wà níbẹ̀. Ó tún wà nínú BASIC tí wọ́n ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ Dartmouth ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1964. Ó wà nínú Excel tí ọ̀pọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ ń lò lónìí. EXP ni wọ́n ń kọ ọ́ níbi púpọ̀.

BÍ A ṢE Ń PÀṢẸ FÚN KỌ̀ǸPÚTÀ

Ọ̀nà méjì ló wà tí ẹni tó ń kọ ìlànà fún kọ̀ǹpútà lè gbà kọ èlé tó ń bímọ. Èkíní nìyí:

A = P * (1 + R) ^ N

P ni owó tí a yá. R ni èlé ìgbà kan, N ni iye ìgbà tí a ó ka èlé, A sì ni àpapọ̀ tó máa jáde. Àmì ìràwọ̀ yẹn ń sọ pé "lọ́nà", àmì ṣóńṣó yẹn sì ń sọ pé kí ẹ̀rọ fi ohun tó wà nínú àkámọ́ lọ́po ara rẹ̀ nígbà N. Nínú Excel, gbèsè aláṣọ wa á jẹ́ =100000*(1+0.10)^12, ₦313,843 ni yóò sì jáde.

Èkejì nìyí:

A = P * EXP(R * T)

Nínú èyí, R ni èlé ọdún kan, T sì ni iye ọdún. Ohun tí ọ̀nà yìí ń sọ ni pé èlé ń bímọ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, láìdúró de òpin oṣù. Bí a bá fi ₦100,000 sí i ní èlé ₦10 lórí ₦100 lọ́dún, =100000*EXP(0.10) á fún wa ní ₦110,517.09, dípò ₦110,000 tí ìṣírò ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ń mú wá.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ EXP ti 0.1? Kò sí idán níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1. Ẹ ro 0.1 mọ́ ọn, ó di 1.1. Ẹ mú 0.1 lọ́nà 0.1, kí ẹ pín in sí 2, ó jẹ́ 0.005, ẹ rò ó mọ́ ọn, ó di 1.105. Ẹ mú 0.005 yẹn lọ́nà 0.1, kí ẹ pín in sí 3, kí ẹ rò ó mọ́ ọn, ó di 1.105167. Ẹ tún mú èyí tí ẹ rò mọ́ ọn kẹ́yìn lọ́nà 0.1, kí ẹ pín in sí 4, ó di 1.105171. Ẹ ti débẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ òde òní ní àwọn ọ̀nà àbùjá tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní bírò àti ìwé lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà méjèèjì yìí kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí òfin ẹgbẹ́ bá sọ pé òpin oṣù ni kí a máa ka èlé, ẹni tó kọ ìlànà kò gbọ́dọ̀ lo EXP. Bí ó bá lò ó fún gbèsè aláṣọ wa, EXP ti 1.2 ni yóò ṣírò (₦10 lóṣù, ìyẹn ₦120 lọ́dún), àpapọ̀ á sì di ₦332,012. ₦18,169 ti gorí gbèsè obìnrin náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jalè, láìjẹ́ pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Lẹ́tà mẹ́ta péré lórí ẹ̀rọ ló ṣe é: E, X, P.

ÀWỌN IBI TÍ ẸSẸ̀ TI Ń YỌ̀

Kíní, kí ẹni tó ń kọ ìlànà má kọ 10 dípò 0.10. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé "lórí ọgọ́rùn-ún" lẹ ní lọ́kàn. Bí ẹ bá kọ EXP(10), ó ju 22,000 lọ. Ẹni tó yá ₦100,000 á ti jẹ gbèsè tó ju bílíọ̀nù méjì náírà lọ. Èyí ò ṣòroó rí, nítorí gbogbo ènìyàn ni yóò pariwo.

Èkejì ló léwu jù: kí a fi èlé ọdún sípò èlé oṣù. Èlé ₦12 lórí ₦100 lọ́dún jẹ́ ₦1 lóṣù. ₦100,000 tí a kà bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù á di ₦112,683 lọ́dún. Ẹni tó bá fi 0.12 síbi tó yẹ kí 0.01 wà á rí ₦389,598.

Ẹ̀kẹta, kọ́bọ̀. Bí a bá pín ₦100,000 sí mẹ́ta, ₦33,333.33 ni. Ìgbà mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ ₦99,999.99. Kí ìlànà sọ pé ìsanwó ìkẹyìn ni yóò kó èyí tó ṣẹ́ kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé kò ní bára mu láéláé.

Ẹ̀kẹrin, EXP máa ń tóbi débi pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò lè gbé e mọ́. Nínú Excel, EXP(709) ṣì ń jáde, ṣùgbọ́n EXP(710) kò jáde mọ́, #NUM! ni ẹ ó rí. Bí akọ̀wé bá rí irú àmì yìí nínú ìwé ẹgbẹ́, kí ó má kàn pa á rẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹnì kan ti fi oṣù sípò ọdún, tàbí 100 sípò 1.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin tó ń lo kalikulétọ̀: lórí ọ̀pọ̀ wọn, bọ́tìnnì tí wọ́n kọ EXP sí kì í ṣe ti ìlọ́po e. Ti fífi òdo kún iye ni. Bọ́tìnnì tí wọ́n kọ e pẹ̀lú x kékeré lókè rẹ̀ sí ni ẹ ń wá.

OWÓ TÍ Ẹ YÁ LỌ́DỌ̀ ẸGBẸ́ ŃKỌ́?

Ẹni tó bá ń san gbèsè rẹ̀ déédéé lóṣooṣù kò yẹ kó bá èlé tó ń bímọ pàdé rárá, nítorí èlé náà kì í pẹ́ nílẹ̀ tó láti bímọ. Síbẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà láti ka èlé fún un. Ká ní ẹ yá ₦120,000 fún oṣù 12, ẹ sì ń san ₦10,000 nínú ojú owó lóṣooṣù. Bí wọ́n bá ka ₦12 lórí ₦100 sí gbogbo owó náà láti ìbẹ̀rẹ̀, èlé jẹ́ ₦14,400. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ka ₦1 lórí ₦100 lóṣù sí èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín nìkan, oṣù kìíní á jẹ́ ₦1,200, oṣù kejì ₦1,100, yóò máa dínkù títí di ₦100 ní oṣù ìkẹyìn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦7,800. Orúkọ kan náà ni wọ́n pè é, "₦12 lórí ₦100", ṣùgbọ́n ₦6,600 ló wà láàárín wọn. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

ÌLÉRÍ TÍ ÌṢÍRÒ Ń TÚ FÓ

Ìlọ́po yìí kan náà ni ẹ lè fi dán ẹni tó bá ń ṣèlérí èrè wò. Lọ́dún 2016, ètò kan tó ń jẹ́ MMM gba ìgboro kan ní Nàìjíríà. Ìlérí rẹ̀ ni èrè ₦30 lórí ₦100 lóṣù kan. Orúkọ náà ti kọ́kọ́ jáde ní Rọ́ṣíà, níbi tó ti wó lulẹ̀ lọ́dún 1994. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, wọ́n ti owó àwọn ènìyàn mọ́bẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì sunkún.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ wò ó. =100000*(1+0.30)^12 jẹ́ ₦2,329,809 ní òpin ọdún kan. Ní òpin ọdún kejì, ó ti lé ní mílíọ̀nù 54. Ní òpin ọdún kẹta, ó ti ju bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù igba lọ. Láti inú ₦100,000! Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà, ọjà wo ló ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá? Kò sí. Owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n fi ń san fún ẹni tó ti wà ńlé. Ìṣírò ìṣẹ́jú kan péré ìbá ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là.

ṢÙGBỌ́N ÈLÉ TÓ Ń BÍMỌ LÈ ṢIṢẸ́ FÚN WA

Bí ó ṣe ń pa onígbèsè, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbe ẹni tó ń fi owó pamọ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá fi ₦50,000 sílẹ̀ ní èlé ₦10 lórí ₦100 lọ́dún, tí kò sì kó èlé náà jẹ, ọdún kẹwàá á bá ₦129,687. Bó bá ní sùúrù di ogún ọdún, ₦336,375 ni. Ẹ wò ó: ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ mú ₦79,687 wá, ọdún mẹ́wàá ìkejì mú ₦206,688 wá. Sùúrù ló ní i. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ṣùgbọ́n kí ẹ má gbàgbé ìṣírò 72: bí ọjà bá ń gbówó lérí ju ₦10 lórí ₦100 lọ́dún, èlé náà kò tíì bá a.

OHUN TÍ A NÍ KÍ Ẹ ṢE

Kí ẹ tó yá owó níbikíbi, ìbáà ṣe lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, lọ́dọ̀ báńkì tàbí lọ́dọ̀ àwọn ayánilówó orí fóònù, ẹ béèrè ohun mẹ́ta. Èlé yìí, ṣé ti ọjọ́ ni, ti oṣù ni, àbí ti ọdún? Ṣé orí gbogbo owó lẹ ó kà á sí, àbí orí èyí tó bá ṣẹ́ kù? Bí mi ò bá rí owó san lọ́jọ́ tó yẹ, ṣé èlé náà á bímọ? Ẹni tí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ dá owó rẹ̀ padà fún un.

Ẹ̀yin akápò àti akọ̀wé, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìlànà tuntun sórí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, ẹ fi bírò ṣírò gbèsè ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta sórí ìwé, kí ẹ sì fi wé ohun tí ẹ̀rọ mú jáde. Bí wọn kò bá bára mu dé orí kọ́bọ̀, ẹ má tíì sanwó iṣẹ́ fún ẹni tó kọ ọ́. Kí ẹ sì kọ ìlànà èlé ẹgbẹ́ sórí pátákó níbi tí ojú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti lè tó o, ní Yorùbá, pẹ̀lú àpẹẹrẹ kan.

Ẹni tí ìṣírò inú ìwé yìí kò bá yé, kó mú pásíbúùkù rẹ̀ wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. A ó jọ ṣe é lójú gbogbo ènìyàn. Owó wa ni, ẹnu wa ló yẹ kó lè sọ bó ṣe jẹ́.